Níbo Ni Ká Sá Sí fún Ariwo Èkó?

Ẹ lọ bá ẹni tó ń wá ilé l'Ékòó, kí ẹ bi í pé irú ilé wo ló ń fẹ́. Yóò kọ́kọ́ dárúkọ iye owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò bèèrè omi, yóò bèèrè iná, yóò bèèrè bóyá àgbàrá kì í wọlé nígbà òjò. Ìgbà tó bá parí gbogbo ìyẹn ni yóò wá rẹ ohùn sílẹ̀, tí yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kó jẹ́ àdúgbò tó dákẹ́ díẹ̀ o."

Àwọn ájẹ́ǹtì ti mọ ọ̀rọ̀ yìí sórí. "Ọ̀gá mi, níbí yìí kẹ̀? Bí eṣinṣin bá fò kọjá, ẹ ó gbọ́ ọ." Òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí pé aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n mú yín wá wò ó. Ẹ ó san owó ilé, ẹ ó san owó ájẹ́ǹtì, ẹ ó san owó ìwé àdéhùn, ẹ ó kó ẹrù dé, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yóò sì dé bá yín níbẹ̀. Spíkà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn ògiri yín, jẹnẹrétọ̀ yóò máa gbè é lẹ́sẹ̀, ẹ ó sì dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ ó máa wo àjà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn ní ìlú yìí. Wọ́n bí mi sí Múṣín, mo ti gbé Sùúrùlérè, mo ti gbé Ìsọlọ̀. Nínú lẹ́tà tí àwọn òǹkàwé ń kọ sí wa, ẹjọ́ ariwo aládùúgbò kì í wọ́n níbẹ̀. Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fún ara wọn kò ju ẹyọ kan lọ: "Kó kúrò níbẹ̀ jàre, wá ibi tó tutù lọ." Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi lọ tú ìwé ìtàn ìlú Èkó wò. Mo fẹ́ mọ ìgbà tó di pé ìdákẹ́jẹ́ jẹ́ ohun tí ènìyàn ń kó ẹrù lọ bá níbòmíràn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ tí a ń wá kiri yìí, wọ́n ti kọ́ ọ sí Èkó rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò sì sí èyí tí ènìyàn rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀.

Ariwo Tó Ní Baba

Láyé àtijọ́, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, agbo ilé ni wọ́n ń gbé. Yàrá yí àgbàlá ká. Àwọn ọmọ bàbá kan náà, àwọn ìyàwó ilé, àwọn àlejò, ojú kan náà ni gbogbo wọn ń jáde sí. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé irú ilé bẹ́ẹ̀ dákẹ́. Odó ń dún, ọmọ ń ké, onílù ń wọlé lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ó tún ń wọlé lọ́jọ́ ìsìnkú. Àmọ́ ariwo náà ní baba. Ẹ mọ ẹni tó ń pa á, ẹ mọ ìdí tó fi ń pa á, ẹ sì mọ ọjọ́ tí yóò parí. Bó bá pọ̀ jù, baálé yóò rán ọmọ kan lọ: "Bàbá ní kí ẹ rọra o." Ọ̀rọ̀ tán.

Irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ ni òwe kan tí gbogbo wa mọ̀ ń sọ nípa rẹ̀: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ tún òwe náà gbọ́ dáadáa. Àwọn àgbà kò ní ká kó ẹrù. Wọ́n ní ká sọ fún un.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, oníkálùkù ti ní àdúgbò tirẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn Sàró, tí wọ́n ti Sierra Leone dé, wà ní Ọlọ́wọ̀gbowó. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé, wà ní Pópó Àgùdà. Àwọn òyìnbó oníṣòwò àti àwọn ti ìjọba wà létí omi, ní Marina. Erékùṣù kékeré kan náà ni gbogbo wọn jọ wà. Ìlù tó bá dún ní Ìsàlẹ̀ Èkó kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ òyìnbó kó tó dé Marina.

Òyìnbó Méjì, Ọ̀rọ̀ Méjì

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọ̀rúndún yẹn parí, ìmọ̀ dé pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn dókítà òyìnbó wá ń sọ pé kí àwọn òyìnbó lọ máa gbé lọ́tọ̀, kí wọ́n jìnnà sí àwọn adúláwọ̀. William MacGregor, tó jẹ́ gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, kò gbà bẹ́ẹ̀. Dókítà ni òun fúnra rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fún tẹrú-tọmọ ní oògùn kuiníìnì, kí wọ́n sì fa omi àbàtà gbẹ. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ipa omi tí wọ́n gbẹ́ sáàárín Èkó àti Ìkòyí.

Ti Lugard yàtọ̀. Òun ló so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní 1914. Ní 1917, òfin rẹ̀ lórí àwọn ìlú ńlá jáde. Ìlànà tó tẹ̀ lé e ni pé kí àdúgbò òyìnbó dá dúró, kí ilẹ̀ òfìfo tó fẹ̀ tó 440 yáàdì sì wà láàárín òun àti ibi tí àwọn adúláwọ̀ ń gbé, kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé sórí ilẹ̀ náà. Ẹ̀fọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe àwíjàre, wọ́n tún fi iná tó lè jó láti ilé dé ilé kún un. Àmọ́ nínú ìwé ìtọ́ni tí Lugard kọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1919, ó fi ìdí mìíràn tì í: ìlù àti àwọn ariwo mìíràn tí àwọn adúláwọ̀ fẹ́ràn kì í jẹ́ kí òyìnbó sùn.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ìjọba gbogbo jókòó, wọ́n fi yáàdì wọn ilẹ̀ nítorí oorun. Ó kàn jẹ́ pé oorun ẹni kan ni wọ́n ń wọ̀n, wọn kò wọn ti ẹnì kejì.

Ìkòyí ni wọ́n sọ di irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ l'Ékòó. Ilẹ̀ fẹ̀, igi pọ̀, ilé kan jìnnà sí èkejì. Adúláwọ̀ tí ẹ bá rí tó ń sùn níbẹ̀, bọ́ìsì kọ́tàsì lẹ́yìnkùlé ló ń sùn. Kúùkù ni, tàbí agbọ́mọ, tàbí ọlọ́gbà. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ Nàìjíríà gba ipò lọ́wọ́ òyìnbó, wọ́n sì kó wọ inú ilé náà. Orúkọ yí padà, ó di GRA. Ọgbà ńlá kò yí padà, bọ́ìsì kọ́tàsì kò yí padà. Ìkẹjà ní GRA, Ìbàdàn ní, Abẹ́òkúta ní. Láti ìgbà náà ló ti wọ̀ wá lára pé ibi tó dákẹ́ ni ibi ọlọ́lá, ibi tó ń pariwo ni ibi mẹ̀kúnnù. Ìdákẹ́jẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi òfin kọ́ sí Èkó nìyẹn. Ohun tí wọ́n fi rà á ni pé wọ́n lé ẹlòmíràn jìnnà.

Àpótí Tí Kì í Gbọ́ Èsì

Ní 1924, àrùn tí eku àti eégbọn ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ilé ti há ara wọn mọ́ra jù. Èyí ló mú kí ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe, èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí LEDB. Ìgbìmọ̀ yìí la òpópónà sí Yàbá, wọ́n wọn ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó há mọ́ra ní erékùṣù lè rí ibi kó lọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹni tí kì í ṣe òyìnbó náà lè sọ pé òun ń kó lọ síbi tí afẹ́fẹ́ wà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ohun kan tún wọ ìlú. Ní December 1935, ìjọba bẹ̀rẹ̀ rédíò tí wọ́n ń fi wáyà fà wọ ilé. Ẹ ó san owó loṣooṣù, wọn yóò gbé àpótí kan kọ́ sára ògiri yín, yóò máa sọ̀rọ̀. Rẹ́dífúṣọ̀n ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí nígbà tó yá. Yorùbá wá fún rédíò ní orúkọ: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yìí mọ ohun tó ń wí. Onílù máa ń rẹ̀. A lè fún un lówó kó máa lọ, a lè rán ọmọ sí i pé kó rọra. Àpótí yìí kì í rẹ̀, kì í gbọ́ èsì. Ibẹ̀ ni ariwo tí kò ní baba ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlú yìí. Ẹni tó tan àpótí lè ti lọ sọ́jà, kí àpótí ṣì máa sọ̀rọ̀.

Sùúrù Lérè, Àmọ́ Iye Mélòó?

Ní 1931, ènìyàn 126,108 ni wọ́n kà ní ìlú Èkó. Ní 1950, wọ́n ti di 230,256. Ní 1955, ìjọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti wó ilé tó wà lórí ilẹ̀ bí 70 éékà ní àárín gbùngbùn erékùṣù, wọ́n ní ilé hẹ́gẹhẹ̀gẹ ni, ó sì ń ba ojú olú ìlú jẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹbí tí wọ́n wólé wọn ni wọ́n kó lọ sí ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sí Sùúrùlérè, ní òdìkejì omi.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Peter Marris wádìí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn tí wọ́n ṣì wà ní erékùṣù àti àwọn tí wọ́n ti kó lọ. Ìwé rẹ̀, *Family and Social Change in an African City*, jáde ní 1961. Ẹni tó bá kà á yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé nìkan. Ilé tuntun mọ́, ó láyè, kò sí ẹni tó ń jiyàn ìyẹn. Àmọ́ owó ọkọ̀ láti lọ síbi iṣẹ́ ń jẹ owó oúnjẹ. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń tajà lójú ilé ní erékùṣù pàdánù oníbàárà wọn, nítorí pé oníbàárà kò bá wọn kó. Àwọn arúgbó tí wọ́n ti ń rí ọmọ àti àbúrò lójoojúmọ́ wá di ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àbẹ̀wò dínkù, ìrànlọ́wọ́ náà dínkù.

Ìdákẹ́jẹ́ kejì nìyẹn. Wọn kò lé ẹnikẹ́ni jìnnà sí ọ. Ìwọ ni wọ́n gbé jìnnà. Ariwo ìyàwó bàbá rẹ kò dé etígbọ̀ọ́ rẹ mọ́, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ tó ń bá ọ gbé ọmọ pọ̀n náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ mọ́. Orúkọ àdúgbò yẹn dára, sùúrù lérè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èrè náà kò kárí.

Àwa La Gbé E Lọ

Ẹ jẹ́ ká wá bi ara wa: Sùúrùlérè tí wọ́n kó lọ yẹn, ṣé ó dákẹ́ títí? Ní 1972, wọ́n ṣí pápá ìṣeré ńlá síbẹ̀. Ní January 1973, gbogbo Áfíríkà wá díje níbẹ̀. Ilé ọtí dé, ilé ijó dé, àwọn olówó ń na páàtì sójú títì láti alẹ́ Sátidé di òwúrọ̀ Sọ́ńdè. Nígbà tí èmi náà gba yàrá síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ sùn lálẹ́ Sátidé a máa lọ sùn lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ níbòmíràn.

Ìlú ń wú bí ìyẹ̀fun tó rí omi. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 1963, ìlú Èkó nìkan ti di 665,246. Wọ́n kọ́ Festac Town nítorí àjọ̀dún ọdún 1977. Láàárín 1979 sí 1983, nígbà tí Lateef Jakande ń ṣe gómìnà, wọ́n kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri, àwọn èyí tí a ń pè ní Jákáńdè Ẹ̀sítéètì títí dòní. Níbi gbogbo tí a bá dé, à ń sọ pé ó tutù. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, a tún ń wá ibòmíràn. Ariwo kò ní ẹsẹ̀. Àwa la di í mọ́ ẹrù, àwa la gbé e lọ.

Ní Múṣín tí wọ́n bí mi sí, féèsì-mí-àì-féèsì-yú là ń gbé: yàrá márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàárín. Rédíò ẹnì kan, gbogbo ilé ni yóò gbọ́ ìròyìn. Àmọ́ nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, gbogbo ilé a dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, a ó jáde síta lọ gba atẹ́gùn, àwọn àgbà a máa pàlọ́ fún wa. Nígbà tó yá, jẹnẹrétọ̀ kékeré olówó pọ́ọ́kú wọ̀lú. Iná tó lọ kò mú ìdákẹ́jẹ́ wá mọ́; ìgbà yẹn gan-an ni ariwo ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì rántí orúkọ tí àwọn ènìyàn sọ jẹnẹrétọ̀ náà: I better pass my neighbour, ìyẹn ni pé mo sàn ju aládùúgbò mi lọ. Lójú tèmi, ìtàn wa wà nínú orúkọ méjèèjì yìí. Ìkíní kì í gbọ́ èsì. Ìkejì ń fi aládùúgbò yangàn.

Òfin Dé

Ìjọba kò fọwọ́ lẹ́rán. Ní 2009, ìjọba àpapọ̀ gbé òfin kalẹ̀ lórí ariwo láti ọwọ́ àjọ NESREA. Níbi tó bá jẹ́ ilé gbígbé nìkan, ariwo kò gbọdọ̀ ju dẹ́síbẹ̀lì 50 lọ lọ́sàn-án, kò sì gbọdọ̀ ju 35 lọ lóru. Òru sì bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́wàá alẹ́ di aago mẹ́fà àárọ̀. Kí ni dẹ́síbẹ̀lì yìí? Bí ènìyàn méjì bá ń tàkúrọ̀sọ nítòsí yín, ó tó bí 60. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tó bí 30. Bí nọ́ńbà náà bá fi 10 lé sí i, etí wa yóò gbà á bí ẹni pé ariwo ti di ìlọ́po méjì. A jẹ́ pé ohun tí òfin ń béèrè lóru kò fi bẹ́ẹ̀ ju ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ. L'Ékòó! Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ní 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 nítorí ariwo, wọ́n sì ti àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ilé fàájì kan mọ́ ọn. Ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ó dára kí òfin wà, ẹni tí ariwo bá sì ń ṣe ní ìkà lẹ́yìn tó ti bẹ̀bẹ̀ títí kó fẹjọ́ sùn. Àmọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kò lè wá tẹ́ ẹní sáàárín ilé ìwọ àti aládùúgbò rẹ.

Ní Ìsọlọ̀, ẹ̀rọ ìlọta kan wà lẹ́bàá fèrèsé wa. Láti ìdájí ló ti ń dún, ó di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ìyá kan tó dàgbà jù nínú àwa ayálégbé ló kó mẹ́ta nínú wa lẹ́yìn lọ bá ìyá tó ni ẹ̀rọ náà. Kò bínú sí i. Ó ní, "Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ata tí ẹ lọ̀ là ń jẹ, a kì í bá yín jà. Ọmọ jòjòló ló wà nílé tí kò rí oorun sùn." Ìyá náà wò wá títí. Ó ní, "Ẹ ṣé, màmá. Láti ọjọ́ tí mo ti wà níbí, ẹni tó ń bú mi láti ojú fèrèsé ni mò ń rí. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wá kí mi." Wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ sí ẹ̀yìn ògiri kejì, wọ́n sì ń pa á ní aago méje alẹ́. A kò sanwó fún ẹnikẹ́ni, a kò lé ẹnikẹ́ni jìnnà.

N kò wá sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kó kúrò níbi tí kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí ẹ bá ń wá ilé, ẹ lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí ìkejì jẹ́ alẹ́ Ẹtì tàbí Sátidé. Lóru, ilẹ̀ máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ òkè lọ. Ìró tó yẹ kó lọ sókè a tẹ̀ padà wá sísàlẹ̀, a sì rìn jìnnà. Nítorí náà, ilé ijó tí ẹ kò kà sí lọ́sàn-án lè wà lábẹ́ ìrọ̀rí yín lóru. Ẹ wo ibi tí fèrèsé yàrá kọjú sí. Ẹ wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń gbé. Ẹ bi ọmọ tó ń ta ìpápánu lójú títì, kì í parọ́ bíi ájẹ́ǹtì. Pabanbarì rẹ̀, ẹ bèèrè bóyá àwọn ará àdúgbò máa ń ṣe ìpàdé. Ibi tí wọ́n bá ti ń pàdé, a rí ẹni tí a lè rán sí aláriwo. Ibi tí wọn kò bá ti mọ ara wọn, bó dákẹ́ lónìí, ẹnì kan péré tó bá ra spíkà lọ́la ti bà á jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé lọ́wọ́, kí Ọlọ́run bá yín wá èyí tó tura. Bí ẹ bá ti kó dé tán, kí ẹ tó to àga, ẹ kọ́kọ́ lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀tún àti òsì, kí ẹ kí wọn. Ẹ̀yin náà ti di aládùúgbò ẹnì kan níbẹ̀.